Igún Bá Bàálù Pàdé Lófuurufú, Adìẹ Kú Sábẹ́ Páànù: Bí Ara Ẹyẹ Ṣe Ń Fara Da Iṣẹ́ Àṣekára àti Ooru

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, tàbí tẹ́ ẹ kàwé ní LAUTECH, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé bí oṣù kẹta ṣe máa ń rí níbẹ̀ fún yín. Ooru á mú débi pé ajá á fi ojú ọ̀nà sílẹ̀, á lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí nínú irú oṣù kẹta bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé ilé wọn pè mí lórí fóònù, ó ní kí n tètè máa bọ̀. Mo rò pé olè ló wọlé. Àṣé kì í ṣe olè. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti kó òkú adìẹ mọ́kànlélógójì jọ sórí àpò símẹ́ńtì, ó jókòó tì wọ́n, kò tiẹ̀ lè sunkún mọ́. Àwọn adìẹ yẹn ò ṣàìsàn. Ó fún wọn lóúnjẹ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta, wọ́n ti la ẹnu sílẹ̀, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n sì ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kí ọdún Àjíǹde dé, ìgbà tó fẹ́ tà wọ́n.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé lọ́jọ́ náà ni pé bá a ṣe dúró síbẹ̀, awòdì méjì ń yí po lókè orí wa nínú oòrùn kan náà yẹn, wọn ò tiẹ̀ ju apá. Ẹyẹ lawòdì, ẹyẹ ladìẹ. Kí ló dé tí ooru kan náà fi pa ọ̀kan, tí èkejì sì ń fi ṣeré? Mo wá ìdáhùn kiri, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé mi lọ ṣáá ni ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà mí. Mímí yẹn ló jẹ́ kí ẹyẹ lè ṣe iṣẹ́ tí ara èèyàn ò lè ṣe láéláé. Òun náà ló ń dá adìẹ lóró nígbà ooru. Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.

Ẹyẹ ò lè làágùn

Ara ẹyẹ gbóná ju tiwa lọ. Ara èèyàn máa ń wà ní nǹkan bíi 37°C. Tó bá ti di 40, ọsibítù ti yá nìyẹn. Ti adìẹ, ti ẹyẹlé àti ti lékèélékèé máa ń wà láàárín 40 sí 42°C lójoojúmọ́ ayé wọn, láìsí ibà kankan. Ara wọn dà bí ẹ́ńjìnnì tí wọn kì í pa, oúnjẹ tó ń jó nínú rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n lè ṣetán láti gbéra nígbàkigbà. Tí ẹyẹ bá wá ń fò, ooru tó ń jáde látinú iṣan rẹ̀ á di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀.

Èèyàn tó bá ń sáré á làágùn, òógùn á gbẹ, ara á tutù. Ẹyẹ ò ní ihò òógùn kankan lára, ìyẹ́ sì tún bò ó bí ẹni wọ kóòtù. Ọ̀nà tí ooru lè gbà jáde lára rẹ̀ ò pọ̀: ẹsẹ̀ tí kò níyẹ́, ogbe orí, abẹ́ apá tó bá nà án síta, àti ẹnu. Ẹnu yìí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹyẹ tí ooru bá mú á la ẹnu, á máa mí kíákíá, kí omi tó wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ lè máa gbẹ, kó sì máa gbé ooru lọ. Ẹ ti rí adìẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò rí. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́ o. Òógùn ló ń là yẹn, ẹnu ló fi ń là á.

Ẹ̀dọ̀fóró "one way"

Ẹ̀dọ̀fóró tiwa dà bí ilé tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ibi tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé náà ló ń gbà jáde. Tá a bá mí sínú, afẹ́fẹ́ tuntun á lọ bá èyí tá a ti lò tó ṣì kù nínú ilé, wọ́n á dàpọ̀. Tá a bá mí síta, gbogbo rẹ̀ kì í jáde tán.

Ti ẹyẹ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kéré, ó sì le, kì í wú, kì í sọ̀ bíi tiwa. Àwọn àpò afẹ́fẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́sàn-án, ló so mọ́ ọn, wọ́n tàn ká àyà àti ikùn, títí wọ inú àwọn egungun kan. Àwọn àpò yìí ló ń ṣe iṣẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Tí ẹyẹ bá mí sínú, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tuntun náà á kọ́kọ́ lọ sínú àwọn àpò ẹ̀yìn. Tó bá mí síta, àpò ẹ̀yìn á tì í gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Tó bá tún mí sínú lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ tó ti lò yẹn á bọ́ sínú àwọn àpò iwájú. Ìgbà tó bá mí síta lẹ́ẹ̀kejì ló tó jáde. Ó gba mímí méjì kí afẹ́fẹ́ kan tó parí ìrìn àjò rẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀fóró sì rèé, apá ibì kan ṣoṣo ló ń kọjú sí, kì í ṣẹ́rí padà. Ẹni tó bá ti há sínú gosiló ní Takie rí á mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà tí mọ́tò ti ń forí gbárí àti èyí tí gbogbo wọn jọ kọjú síbì kan.

Èrè rẹ̀ ni pé bí ẹyẹ ṣe ń mí sínú ni ọ́síjìn ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó ṣe ń mí síta náà ló ń wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá tún fi ọkàn rẹ̀ wé ti ẹranko tí wọ́n jọ tẹ̀wọ̀n kan náà, ti ẹyẹ tóbi jù. Ìdí nìyẹn tó fi lè ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù kọkànlá, ọdún 1973, bàálù kan ń fò lókè ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast, ní gíga 37,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ìyẹn lé ní kìlómítà mọ́kànlá sókè. Nǹkan kan gbá ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n ní láti pa ẹ́ńjìnnì náà, àmọ́ bàálù balẹ̀ láìséwu. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n fi ìyẹ́ náà ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, sọ́dọ̀ Roxie Laybourne, obìnrin kan tó jẹ́ pé tó bá rí ìyẹ́ ẹyẹ, á sọ ẹyẹ tó ni ín. Ó ní igún ni, irú igún ńlá tí wọ́n ń pè ní Rüppell, tó ń gbé lápá Sàhẹ́lì. Òun ni ẹyẹ tí wọ́n ní ẹ̀rí pé ó fò ga jù lọ láyé.

Ẹ rò ó wò. Níbi tó ga tó yẹn, ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún èyí tá à ń mí nílẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì máa ń lọ sí nǹkan bí 50°C nísàlẹ̀ òdo. Èèyàn tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ láìsí ọ́síjìn á dákú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Igún yìí ń gbé ibẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, oríṣiríṣi ni èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń di ọ́síjìn mú ṣinṣin níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ohun kejì ni pé igún ò ṣe wàhálà rárá láti débẹ̀. Tí oòrùn bá ta ilẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè. Igún á kàn na apá rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ náà bí ẹni wọ líìfùtì. Ohun tí awòdì tó wà lórí wa lọ́jọ́ yẹn náà ń ṣe nìyẹn. Ooru tó ń pa adìẹ nílẹ̀ lòun fi ń gun òkè, bó sì ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i fún un.

Ó wá ku ẹyẹ tó ń ju apá ní tòótọ́. Irú pẹ́pẹ́yẹ igbó ńlá kan wà ní Éṣíà tí wọ́n ń pè ní bar-headed goose, tó máa ń ti Íńdíà sọdá òkè Himalaya. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àwọn kan lára, ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé ọ̀kan fò dé gíga 7,290 mítà, apá ló sì fi ń dá a gbogbo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ́síjìn mú.

(Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Irú igún tó bá bàálù pàdé yẹn, àti igún kékeré tó máa ń wà nídìí odò ẹran nílẹ̀ wa, àwọn méjèèjì ti wà nínú àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu jù lọ láti ọdún 2015. Májèlé àti àwọn tó ń pa wọ́n ṣe oògùn ló fà á. Ẹyẹ tí òtútù òfuurufú ò rí gbé ṣe, orí àtẹ nínú ọjà ló ń parí sí.)

Ọ̀rá tó di omi mímu

Ká padà sílé. Àwọn ẹyẹ tó ń ṣe eré ọ̀nà jíjìn wà láàárín wa, a kàn kì í ronú kàn wọ́n ni. Lékèélékèé tí àwọn ọmọdé máa ń na èékánná sí nígbà tó bá ń kọjá lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí òjò bá dé dáadáa, púpọ̀ nínú wọn á gbéra lọ sápá Àríwá láti lọ yé ẹyin. Ẹyẹ kan náà yìí ló fúnra rẹ̀ sọdá òkun Àtìláńtíìkì láti Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó lọ tẹ̀dó sí Gúúsù Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó gbé e lọ. Lónìí, ó ti wà káàkiri Amẹ́ríkà.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Irú èyí tó ń wá láti Yúróòpù ò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ò tó lẹ́tà méjì nínú àpò ìwé. Á sọdá Òkun Mẹditaréníà, á sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà, á sì wá lo ìgbà òtútù ilẹ̀ wọn níhìn-ín. Ní Ebbaken-Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, iye wọn tó máa ń sùn pọ̀ lójú kan lé ní mílíọ̀nù kan.

Kí ni wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà, nígbà tí kò sí oúnjẹ ní Sàhárà, tí kò sí omi? Ọ̀rá ara wọn ni. Ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní garden warbler, òun náà máa ń wá sí Nàìjíríà. Tí ara rẹ̀ bá wà bó ṣe yẹ, ó máa ń tó nǹkan bí 18 gíráàmù, àmọ́ kó tó wọ Sàhárà, á jẹun títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Gíráàmù ọ̀rá kan máa ń fún ara ní agbára tó ju ìlọ́po méjì ti gíráàmù gààrí tàbí ìrẹsì lọ. Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu ni pé tí gíráàmù ọ̀rá kan bá jó tán nínú ara, omi tó máa kù sílẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù kan. Àṣé bí ẹyẹ náà ṣe ń jó epo rẹ̀ ló ń pọnmi fún ara rẹ̀.

Àwọn míì tún máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Bar-tailed godwit, ẹyẹ etí òkun kan, máa ń jẹ́ kí ìfun àti ikùn rẹ̀ sún kì kó tó gbéra, torí kò ní jẹun mọ́; tó bá débi tó ń lọ, á tún hù wọ́n padà. Lọ́dún 2022, ọmọ godwit kan tí kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ fò láti Alaska dé Tasmania, ní Ọsirélíà, 13,560 kìlómítà, fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Kò balẹ̀, kò jẹun.

Ẹ lè rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìkòkò ọbẹ̀ yín. Ẹ gé àyà ẹyẹlé, ẹ gé àyà adìẹ, ẹ gbé wọn síra. Ti ẹyẹlé pọ́n dẹ̀dẹ̀, ti adìẹ funfun. Pupa yẹn ni iṣan tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, tó lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Funfun yẹn wà fún kíá-kíá, láti fò gun ògiri nígbà tí ajá bá ń lé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti tán. Nínú ìdílé ẹyẹ, eléré 100 mítà ladìẹ.

Ooru ló le jù, kì í ṣe òtútù

Mo ti máa ń rò pé ebi tàbí òùngbẹ ló máa ń le jù fún ẹyẹ tó ń sọdá Sàhárà. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Sweden gbé jáde lọ́dún 2021 yí mi lérò padà. Wọ́n di ẹ̀rọ kékeré mọ́ irú ẹyẹ kan tó ń jẹ́ great reed warbler, tí kò wúwo ju nǹkan bí 30 gíráàmù lọ. Òru lẹyẹ yìí sábà máa ń rìn, ní gíga bíi kìlómítà méjì àti ààbọ̀. Àmọ́ tó bá dé orí Sàhárà tàbí orí òkun tí ilẹ̀ mọ́ bá a, tí kò sì lè dúró, ohun tó ń ṣe ni pé á gun òkè lọ, á kọjá kìlómítà márùn-ún, níbi tí òtútù ti ń mú omi dì. Tí oòrùn bá wọ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ náà rò pé ó bá a mu jù ni pé oòrùn tó ń ta sí i lára, pẹ̀lú ooru iṣan tirẹ̀, ti pọ̀ jù, ó ń wá ibi tí ara rẹ̀ á ti tutù.

Ẹ ò rí i báyìí? Ẹyẹ tó lè mí níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ yan àìtó ọ́síjìn, kí ooru má baà pa á. Àmọ́ ó ní òfuurufú tó lè sá lọ.

Adìẹ ò ní. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ páànù yẹn. Adìẹ àgíríìkì tá à ń sin fún ẹran, tá à ń pè ní broiler, kì í ṣe adìẹ tí bàbá wa àgbà mọ̀. Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, wọ́n sin irú adìẹ ọdún 1957 àti irú ti ọdún 2005 pa pọ̀, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ kan náà. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 56, ti 1957 wọn nǹkan bí 905 gíráàmù, ti 2005 lé ní kílò mẹ́rin. Ẹran ti pọ̀ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò dàgbà bá ẹran náà. Tó bá tiẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tó ń gun òkè. Ara tó ti gbóná tó 41°C, tí afẹ́fẹ́ ilé náà bá ti ń sún mọ́ iye yẹn lábẹ́ páànù, ibo ni ooru rẹ̀ fẹ́ gbà jáde?

Ó ku mímí nìkan. Á máa mí gúlegúle. Àmọ́ bó ṣe ń mí tó bẹ́ẹ̀, kábọ́nì tó yẹ kó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa tú jáde, ẹ̀jẹ̀ á pàdánù ìwọ̀n tó yẹ kó wà, omi ara á máa gbẹ, iṣan tó fi ń mí á sì tún máa dá ooru tuntun sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin layer, ibẹ̀ náà ni ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà lásìkò ooru ti ń wá, torí kábọ́nì yẹn wà lára ohun tí adìẹ fi ń mọ èèpo ẹyin.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò fura sí. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, omi ẹnu adìẹ ń tètè gbẹ, ó sì ń tu ara. Àmọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí oòrùn sì tún là lé e lórí, afẹ́fẹ́ á kún fún omi, ti ẹnu adìẹ ò ní rí ibi gbẹ sí. Ọ̀sán irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ léwu ju ti ọyẹ́ lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ooru inú tẹmómítà ò yàtọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi yẹn ṣe àṣìṣe méjì láìmọ̀. Oúnjẹ aago mọ́kànlá yẹn ni àkọ́kọ́. Dídà oúnjẹ máa ń mú ara gbóná fún wákàtí mélòó kan, ooru inú ikùn àti ooru ọ̀sán wá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni tapólì tó fi bo ẹ̀gbẹ́ ilé náà nítorí eruku ọyẹ́, tí kò tíì ká kúrò. Nígbà tí àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, ó sáré wọlé láti máa gbé wọn síta, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri, iṣan ń jó, ooru ń pọ̀ sí i. Mi ò bá a wí. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ṣe báyìí, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin, oúnjẹ ń wáyé ní ìdájí àti lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ó ń kó o kúrò níwájú wọn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Omi tútù wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, dírọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lábẹ́ ibòòji, torí omi tó ti gbóná nínú páìpù tí oòrùn ń ta ò wúlò fún adìẹ tí ooru ń pa. Ó ń fi fítámì C àti èròjà iyọ̀ sínú omi náà lọ́jọ́ tí ooru bá pọ̀. Ó dín iye adìẹ inú ilé kù. Ẹ̀gbẹ́ ilé ti di nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí páànù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé adìẹ, kó jẹ́ kí gígùn rẹ̀ lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà máa ta gbogbo ara ilé náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ó tún da adìẹ abólọ́rùn díẹ̀ mọ́ ọn, irú adìẹ ìbílẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ò níyẹ́. Àwọn kan máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó burẹ́wà, àmọ́ ọrùn tó wà níta yẹn, fèrèsé ni. Ó máa ń fara da ooru ju adìẹ tí ìyẹ́ bò lọ, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí adìẹ sì ti mọ̀ ọ́n mọ́ èyí tipẹ́tipẹ́.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ rí adìẹ tó la ẹnu àmọ́ tó ṣì ń rìn lọ sídìí omi, àyè ṣì wà. Ẹ má lé e, ẹ má gbé e. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí wọn tí iná bá wà, ẹ wọ́n omi tútù sórí páànù, ẹ sì rọra rin ẹsẹ̀ àwọn tó ti jókòó sílẹ̀. Tí ẹ bá ní adìẹ láti gbé lọ sọ́jà Àjíǹde, aago márùn-ún ìdájí ni kẹ́ ẹ gbé wọn.